Obìnrin àti Ọmọdé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbà Là: Òfin Òkun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Òfin

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí a lè bi léèrè pé ta ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbà là bí ọkọ̀ òkun bá ń rì, tí kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé obìnrin àti ọmọdé ni. Àwọn tó wo fíìmù Titanic tí James Cameron gbé jáde lọ́dún 1997 rí i níbẹ̀. Àwọn tí kò wò ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa létí débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òfin ni, pé ó wà nínú ìwé àwọn atukọ̀ láti ayébáyé, àti pé ẹ̀wọ̀n ń dúró de ọkùnrin tó bá rú u.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Kò sí i nígbà tí Titanic rì lọ́dún 1912, kò sì sí i nínú àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé lónìí. Àṣà ni, àṣà náà kò sì pẹ́ tó bí a ṣe rò. A lè tọ́ka sí òru tí òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti àpáta tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ní òwe kan tó ta kò ó gbangba: bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Nínú òwe yìí àti àṣà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn yẹn, èwo gan-an ni ìtàn òkun jẹ́rìí sí?

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Birkenhead ni ìtàn náà ti ṣẹ̀. Irin ni wọ́n fi kàn án, agbára ooru omi gbígbóná ló sì ń mú un rìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1852, ó gbéra láti Ireland, ó ń kó àwọn ọmọ ogun lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá àwọn Xhosa jagun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tí kò tíì rí ojú ogun rí. Àwọn mélòó kan mú aya àti ọmọ wọn dání. Ọkọ̀ náà yà ní Simon's Town lẹ́bàá Cape Town. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ó tún ṣí, ó forí lé Algoa Bay. Ọ̀gá ọkọ̀, Robert Salmond, fẹ́ tètè dé, ó sì ń bá ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ọkọ̀ náà kọ lu àpáta kan tí kò sí nínú àwòrán òkun tí wọ́n ń lò, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Danger Point. Omi ya wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń sùn, ó sì bo ọ̀pọ̀ wọn mọ́ orí ibùsùn wọn. Salmond pàṣẹ kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn kúrò lórí àpáta. Àṣìṣe ńlá ni àṣẹ yìí, nítorí ṣe ni ó tún fẹ ihò náà lójú. Àwọn tó ráyè sá gòkè wá kóra jọ sórí ọkọ̀. Ọ̀gágun Alexander Seton, tí í ṣe olórí àwọn ọmọ ogun náà, ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n sì dúró de àṣẹ. Wọ́n yan àwọn kan sídìí ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde, wọ́n yan àwọn mìíràn sídìí okùn tí wọ́n fi ń sọ àwọn ọkọ̀ kékeré kalẹ̀. Wọ́n ti àwọn ẹṣin sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́.

Àwọn ọkọ̀ kékeré yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́ta péré ló dé orí omi. Inú ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni wọ́n kó àwọn obìnrin àti ọmọdé sí. Gbogbo wọn kò tó 30. Ọkọ̀ kékeré náà sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí méjì, Salmond kígbe pé kí gbogbo ẹni tó mọ omi í wẹ̀ bẹ́ sínú òkun, kí wọ́n wẹ̀ lọ bá àwọn ọkọ̀ kékeré. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ti bẹ àwọn ọmọ ogun wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin bá rọ́ lu ọkọ̀ tí àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀, yóò dojú dé, kò sì sí ẹnì kan tí yóò yè. Àwọn ọmọ ogun náà dúró. Àwọn tí kò dúró kò ju ẹyọ mélòó kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìdí yìí, nítorí òun ni ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọlá bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó, tó wọn ẹ̀mí obìnrin mọ́ ẹ̀mí ọkùnrin lórí òṣùwọ̀n. Wọn kò sì rò ó pé obìnrin ni yóò bímọ, nítorí náà kí ó yè kí ìran má bàa parun. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti wá wá ìdí fún un. Ìṣirò ọkọ̀ kékeré ni: ọkọ̀ kò tó, ènìyàn pọ̀, bí gbogbo ènìyàn bá sì du ú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni yóò kú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró. Àwọn tó wà lábẹ́ àṣẹ, tí wọ́n ti kọ́ láti dúró bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró, ni wọ́n ní kí ó dúró.

Kò pé ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí Birkenhead kọ lu àpáta tí òkun fi gbé e mì. Nínú nǹkan bí 640 ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, 193 ló yè. Òkun gbé púpọ̀ lọ, àwọn ẹja apanijẹ sì pa àwọn mìíràn bí wọ́n ti ń wẹ̀ lọ sí èbúté. Seton kú, Salmond kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ìgbòkun kan tó ń jẹ́ Lioness kó àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré, ó tún lọ kó àwọn tó di òpó ọkọ̀ mú láti òru. Gbogbo obìnrin àti ọmọdé inú Birkenhead ló yè.

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ọba Prussia, Frederick William Kẹrin, pàṣẹ kí wọ́n kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ìgbọràn jẹ́. Ní ọdún 1892 Thomas Hemy ya àwòrán rẹ̀. Rudyard Kipling náà dárúkọ rẹ̀ nínú ewì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí àwọn ọmọ ogun kan ṣe lóru ọjọ́ kan di ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé irú ènìyàn tí àwọn jẹ́ nìyẹn. Àwọn aya àti ọmọ Xhosa tí ogun náà ń lé kúrò nílé kò sí nínú ìtàn ọlá yìí. Ogun tí àwọn ọmọ ogun náà ń lọ jà kì í sábà sí níbẹ̀ rárá.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ kí Birkenhead tó rì? Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1738, ọkọ̀ ẹrú àwọn Dutch kan, Leusden, tó kó ẹrú láti Elmina ní ilẹ̀ Ghana òde òní, há sórí iyanrìn lẹ́nu odò Marowijne ní Suriname. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n kan ìlẹ̀kùn pa mọ́ àwọn ẹrú lórí nísàlẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n má bàa gòkè wá bá àwọn atukọ̀ du ọkọ̀ kékeré. Ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ènìyàn 664 ló kú síbẹ̀. Àwọn atukọ̀ bọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1816, ọkọ̀ Faransé tó ń jẹ́ Méduse, tó ń gbé gómìnà tuntun lọ sí Saint-Louis ní Senegal, há sórí iyanrìn níwájú etíkun Mauritania. Gómìnà àti àwọn ìjòyè gba ọkọ̀ kékeré, aya gómìnà àti ọmọbìnrin rẹ̀ sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n so pákó àti òpó ọkọ̀ pọ̀ bí ẹní fún nǹkan bí 147 nínú àwọn yòókù, wọ́n ní àwọn yóò máa fi okùn wọ́ wọn lọ; kò pẹ́ tí wọ́n fi tú okùn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 13, ènìyàn 15 ni wọ́n bá láàyè lórí pákó. Obìnrin kan wà lára àwọn tó gun pákó náà. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló jù ú sínú òkun nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Obìnrin ni aya gómìnà, obìnrin ni ẹni tí wọ́n jù sómi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé nínú Titanic.

Bí ẹnìkan bá wá sọ pé lẹ́yìn Birkenhead ni ayé gbọ́n, ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Arctic, já a nírọ́. Liverpool ni ó ti ń bọ̀, New York ni ó ń lọ. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, nínú kùrukùru lẹ́bàá Newfoundland, òun àti ọkọ̀ Faransé kékeré kan, Vesta, forí sọ ara wọn. Àwọn tó wà nínú Arctic tó nǹkan bí 400, àwọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kò sì lè gba ìdajì wọn. Ọ̀gá ọkọ̀, James Luce, pàṣẹ bí ọmọlúàbí: kí obìnrin àti ọmọdé kọ́kọ́ wọ̀. Àṣẹ náà kò mú ẹnikẹ́ni. Àwọn atukọ̀ tó mọ bí a ti ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ ló sọ ọ́ kalẹ̀ fún ara wọn, wọ́n sì wà á lọ. Àwọn tó yè lé díẹ̀ ní 80, atukọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí obìnrin kan láàárín wọn. Kò sí ọmọdé kan. Luce fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ wọlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ aláìlera. Omi tún tì wọ́n jáde, ṣùgbọ́n igi tó ya lára ọkọ̀ náà ta sókè látinú omi, ó bà lé ọmọ náà, ó sì pa á lójú baba rẹ̀. Luce gun igi yẹn kan náà, ó sì yè. Nínú gbogbo ìtàn tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo máa ń rántí jù, nítorí pé òun ni ó pàṣẹ tó tọ́. Vesta tí wọ́n rò pé yóò rì gúnlẹ̀ ní tirẹ̀. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni nínú àwọn atukọ̀ Arctic jófin.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1873, ọkọ̀ Atlantic kọ lu àpáta lẹ́bàá Halifax ní Kánádà. Gbogbo obìnrin inú rẹ̀ ló kú, ọmọdé kan ṣoṣo ló sì yè. Ní ọdún 1898, ọkọ̀ Faransé La Bourgogne rì. Nínú nǹkan bí 300 obìnrin, ẹnì kan ló yè, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì àwọn atukọ̀ dé ilé.

Titanic ló wá sọ àṣà náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 1912, ó kọ lu òkìtì yìnyín tó léfòó lórí òkun Àtìláńtíìkì. Kí aago mẹ́ta òru tó lù, ó ti wà nísàlẹ̀ omi. Èèyàn inú rẹ̀ tó 2,200. Ogún ọkọ̀ agbẹ̀mílà ló gbé, gbogbo wọn kò sì lè gbà ju 1,178 lọ. Àwọn tó ni ọkọ̀ kò rú òfin kankan. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1894 ní kí ọkọ̀ tó bá ti tó 10,000 tọ́ọ̀nù gbé ọkọ̀ agbẹ̀mílà 16, kò sì fi kún un bó ti wù kí ọkọ̀ náà tóbi tó. Titanic lé ní 46,000 tọ́ọ̀nù. Ó tilẹ̀ gbé mẹ́rin ju ohun tí òfin béèrè lọ.

Ọ̀gá ọkọ̀, Edward Smith, pàṣẹ kí wọ́n kó obìnrin àti ọmọdé sínú àwọn ọkọ̀ náà. Àwọn méjì nínú àwọn igbákejì rẹ̀ túmọ̀ àṣẹ náà bó ti yé kálukú wọn. Ní apá òsì, Charles Lightoller gbà pé obìnrin àti ọmọdé nìkan ni. Bí àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù, ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ bí kò ṣe àwọn tí yóò tukọ̀. Ní apá ọ̀tún, William Murdoch gbà pé obìnrin àti ọmọdé ló ṣáájú, bí kò bá sì sí mọ́ nítòsí, kí ọkùnrin wọlé. Bí ọkùnrin yóò ṣe yè wá di ọ̀rọ̀ apá ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e lọ. Lightoller kọ̀ fún olówó ńlá nì, John Jacob Astor, láti bá aya rẹ̀ tó lóyún wọlé. Ó fẹ́ dá ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan dúró pẹ̀lú, àfi ìgbà tí baba ọmọ náà taku pé ọmọdé ṣì ni. Ida Straus, aya ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé ìtajà Macy's, kọ̀ láti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ kú. Igbákejì mìíràn, Harold Lowe, yìnbọn sófuurufú kí àwọn ènìyàn má bàa bẹ́ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà lọ láìkún: ọ̀kan tó lè gba 40 gbé ènìyàn 12 péré. Àwọn tó yè jẹ́ nǹkan bí 710, èyí tó fi hàn pé ó lé ní 450 àyè tó ṣófo nígbà tí àwọn ènìyàn ń kú sómi.

Lóòótọ́, àṣẹ náà ṣiṣẹ́. Nínú obìnrin mẹ́rin, mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ yè. Nínú ọkùnrin márùn-ún, ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ya àwọn èrò sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí wọ́n san, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Nínú 100 obìnrin ipò kìn-ín-ní, nǹkan bí 97 ló yè. Nínú 100 obìnrin ipò kẹta, kò tó 50. Ọmọdé ipò kẹta tó yè kò ju nǹkan bí ìdámẹ́ta lọ, ìyẹn ni pé ìpín ọmọ tálákà láti yè kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọkùnrin olówó lọ. Yàrá àwọn èrò ipò kẹta jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ agbẹ̀mílà wà, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó tètè wá fi ọ̀nà hàn wọ́n. Aya gómìnà àti obìnrin orí pákó náà tún nìyẹn.

Lẹ́yìn ikú wọn, ìtàn ọlá ni àwọn ìwé ìròyìn gbé síwájú. Wọ́n bú àwọn ọkùnrin tó yè. J. Bruce Ismay, alága ilé iṣẹ́ tó ni Titanic, gbé ìtìjú náà dé ibojì. Masabumi Hosono, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Japan, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó padà wálé láàyè. Àwọn tí kò fẹ́ kí obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò náà rí ọ̀bẹ tó mú: wọ́n ń bi àwọn obìnrin pé, ṣé ìbò ni wọ́n fẹ́ ni, àbí ọkọ̀ agbẹ̀mílà? Bí ẹni pé ènìyàn ní láti fi ọ̀kan san ọ̀kan. Lójú tèmi, ibi tí ìtàn ọlá náà ti ṣe ìpalára jù nìyí. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó wọ ọkọ̀, a kì í béèrè ìdí tí ọkọ̀ kò fi tó. Àwọn tó béèrè ìbéèrè yẹn ló ṣe ohun tó gba ẹ̀mí là. Ní oṣù Kìíní ọdún 1914, ní London, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn pé ọkọ̀ agbẹ̀mílà gbọ́dọ̀ tó gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Titanic, ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden, Mikael Elinder àti Oscar Erixson, kó àkọsílẹ̀ ọkọ̀ 18 tó rì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta jọ, èrò àti òṣìṣẹ́ tó lé ní 15,000. Nínú 100 atukọ̀, nǹkan bí 61 ló yè. Nínú 100 ọkùnrin tó jẹ́ èrò, 37. Nínú 100 obìnrin, 27. Nínú 100 ọmọdé, 15. Titanic àti Birkenhead ló yàtọ̀. Ìwádìí náà tún rí i pé ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ti pàṣẹ nípa obìnrin àti ọmọdé, ìpín àwọn obìnrin dára sí i. Nínú ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ni òkìkí àṣà yìí, ṣe ni ìpín àwọn obìnrin burú ju ti ọkọ̀ ilẹ̀ mìíràn lọ.

Òwe wa jàre, nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò jàre pátápátá, nítorí ìwà àwọn ọmọ ogun Birkenhead ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, bí àṣẹ bá sì wà, tó sì ní ẹni tí yóò mú un ṣẹ, ènìyàn lè dúró kí ẹlòmíràn ṣáájú. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni kí àṣà di ọkọ̀ níbi tí ọkọ̀ kò sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ ìjọba Senegal kan, Le Joola, ń bọ̀ láti Ziguinchor lọ sí Dakar. Àwọn ọmọ ogun ló ń bójú tó o. Ènìyàn 580 ni wọ́n kàn án fún. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,900, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sílé ìwé wà lára wọn, àwọn obìnrin tó ń kó ọjà lọ sí Dakar sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjì dìde lẹ́bàá Gambia, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkọ̀ náà sì dojú dé. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ wọn yọ àwọn tó ṣì wà láàyè. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ìjọba tó dé. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà á, ènìyàn 1,863 ló kú, 64 ló sì yè. Àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ náà lé ní 600. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè nínú wọn, oyún sì wà nínú rẹ̀.